Ọjọ́ Tí Adágún Pín sí Méjì

Fún odidi ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, iṣẹ́ tí obìnrin kan, Tončka Žnidar, fi ń jẹun ni pé kí ó máa tú àwọn ẹlòmíràn sọ́nà. Òun ló ń dé fìlà pupa ní ibùdó reluwé Bohinjska Bistrica. Òun ló ń wo aago, tó ń gbé ọ̀pá àmì sókè, tó ń fun fèrè kí ọkọ̀ tó fà lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, àwọn tó fẹ́ gun òkè á bọ́ sílẹ̀ níwájú rẹ̀ pẹ̀lú bàtà tó mọ́ tónítóní. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, wọ́n á padà dé, bàtà ti di amọ̀, imú ti bó nínú oòrùn, wọ́n á sì máa nawọ́ sí orí òkè bí ẹni tó ń júwe ilé bàbá rẹ̀ fún àlejò. Tončka á kí wọn, á wo aago rẹ̀, á sì tú wọn sílẹ̀.

Kì í ṣe pé òun fúnra rẹ̀ kò gun òkè rí. Ta ni wọ́n máa bí ní Bohinj tí kò ní gun òkè? Ṣùgbọ́n èyí tó ń gùn ni èyí tí èèyàn lè gùn kó sì sọ̀ kalẹ̀ láàárín iṣẹ́ àárọ̀ àti iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́. Èyí tó máa gba gbogbo ọjọ́ lọ́wọ́ èèyàn, láti ìdájí títí oòrùn fi máa wọ̀, kò bọ́ sí i lọ́wọ́ rí, nítorí ọjọ́ tí oòrùn bá ràn dáadáa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọjọ́ náà gan-an ni reluwé máa ń kún.

Oṣù kẹwàá ni ó fẹ̀yìn tì. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ dáwó jọ, wọ́n ra bàtà òkè fún un, bàtà tó nípọn, tí okùn rẹ̀ pupa bíi fìlà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lórí. Ó wọ̀ ọ́ rìn yí ilé ìdáná ká fún ọ̀sẹ̀ méjì kí ó lè bá ẹsẹ̀ rẹ̀ mu. Nígbà tí oṣù kọkànlá fi máa wọlé, ó ti nu tábìlì ìdáná, ó ti tẹ́ bébà fífẹ̀ kan lé e lórí, ó ti gbẹ́ pẹ́ńsù lẹ́nu, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìlà.

Ohun tó fẹ́ ni pé kí ó rí adágún méjèèje tó wà ní àfonífojì abẹ́ òkè Triglav láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo, kí ó sì padà wá sùn sórí bẹ́ẹ̀dì ara rẹ̀. Ìrìn wákàtí mẹ́rìnlá ni. Àwọn tí kò fẹ́ ìyà máa ń pín in sí ọjọ́ méjì, wọ́n á sùn ní ilé arìnrìn-àjò tó wà lẹ́bàá adágún. Tončka kò fẹ́ sùn níbì kankan. Ó ní gbogbo ọkọ̀ tí òun tú sílẹ̀ láàárọ̀ ló máa ń dé ibi tó ń lọ, tó sì máa ń padà lọ́jọ́ kan náà. Ẹsẹ̀ òun kò burú ju táyà irin lọ.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe ìwé ìrìn reluwé ló ṣe ṣe tirẹ̀. Ó to àwọn ibi tí wọ́n máa dé sí ẹ̀gbẹ́ kan bébà, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè: ọ̀sọ̀rọ̀ omi Savica, ògiri òkúta Komarča, Adágún Dúdú, ó ń lọ bẹ́ẹ̀ títí dé adágún tó ga jù, lábẹ́ òkè Vršac. Ó to wákàtí sí òkè bébà, ó pín in ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún. Ìlà tó bá dagun, ẹni tó ń rìn nìyẹn. Ibi tí ìlà bá ti tẹ́ pẹrẹsẹ, ibẹ̀ ni ẹni náà ti jókòó jẹun.

Ọjọ́bọ̀ ni ọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ kan, Cene Arh, máa ń wá kí i. Orí bẹ́ǹṣì kan náà ni wọ́n jókòó sí nílé ẹ̀kọ́, ìṣirò Tončka ló sì ń wò kọ títí wọ́n fi jáde. Wàràkàṣì ni Cene ṣe fún ogójì ọdún ní abúlé Stara Fužina. Nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀, ó ti kó màlúù lọ jẹko lórí òkè fún ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn bíi mélòó kan. Ó gbé wàràkàṣì tó mú bọ̀ kalẹ̀, ó wo tábìlì, ó fi awò sójú, ó tún un wò.

"Ṣé reluwé ni wọ́n fẹ́ là gba orí Komarča ni?" ni ó bi í.

"Èmi ni reluwé. Ìlà pupa yìí ni mí."

"Dúdú tó ń wọ́ bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ yìí ńkọ́?"

"Ìwọ nìyẹn."

Cene jókòó. Kò sẹ́ni tó bi í bóyá ó máa lọ, òun náà kò sì bi ara rẹ̀. Ó fi ìka tọ ìlà dúdú lọ, ó rí i pé ó tẹ́ pẹrẹsẹ níbi púpọ̀ ju ti pupa lọ, ó sì fẹ́ mọ ohun tó fà á. Tončka ní méjì nínú ìsinmi náà jẹ́ ti orúnkún rẹ̀, ìyókù jẹ́ ti ẹnu rẹ̀.

"Gbogbo màlúù tó o bá pàdé lo máa bá tàkúrọ̀sọ," ni ó wí. "Mo ti yọ ogójì ìṣẹ́jú sílẹ̀ fún un."

"Màlúù tí mo bá bá sọ̀rọ̀ máa ń dá mi lóhùn. Òkè ni kì í ka ìwé ìrìn reluwé, Tončka."

"Ìwọ náà ò kà á rí. Ẹ̀ẹ̀melòó ni ọkọ̀ aago mẹ́fà fi ẹ́ sílẹ̀ lọ níwájú mi?"

Ọ̀rọ̀ yẹn pa Cene lẹ́rìn-ín. Ó gé wàràkàṣì, Tončka da tíì, kí ó sì tó dìde lọ, wọ́n ti yí ọ̀nà padà lẹ́ẹ̀mejì. Cene mọ ohun tí máàpù kò mọ̀. Ó ní bí ewúrẹ́ òkè bá wà lókè Komarča, wọ́n á máa ti òkúta sílẹ̀, nítorí náà kí èèyàn fara mọ́ ògiri, kí ó má sì dúró láti wòran. Ó ní òkúta àfonífojì yẹn ń mu omi bí ọ̀mùtí. Láti ilé arìnrìn-àjò dé adágún tó ga jù, omi adágún kò ṣeé mu, kò sì sí ẹ̀kán omi mìíràn tí èèyàn lè bù mu, àfi èyí tó bá pọn dání. Ó ní tí òjò bá rọ̀, kí ẹnikẹ́ni má fi Komarča sọ̀ kalẹ̀ láéláé, kí wọ́n gba ọ̀nà Komna tí àwọn ìbaaka ń tọ̀. Tončka ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Cene wá sọ ohun tó da gbogbo ètò rú.

"Ìkarùn-ún àti ìkẹfà, téèyàn bá kà á láti òkè," ni ó wí, "ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n nígbà tí yìnyín bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ́. Omi á kún, á bo ilẹ̀ tó wà láàárín wọn mọ́lẹ̀. Tó o bá tètè lọ, mẹ́fà lo máa rí. O ò sì ní lè purọ́ fún mi pé méje ni, torí mo máa wà níbẹ̀."

Tončka fi pẹ́ńsù sílẹ̀. Sátidé tó kẹ́yìn oṣù kẹfà ló ti mú, nítorí ìgbà náà ni ọjọ́ ń gùn jù. Ó rò ó síwá sẹ́yìn. Ẹni tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ ka ọkọ̀ kò lè ka mẹ́fà kó pè é ní méje. Ó mú rọ́bà, ó pa ọjọ́ náà rẹ́. Adágún fúnra rẹ̀ ló máa dá ọjọ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Justina, tó ń gbé òkè ilé kan náà, ti ṣe nọ́ọ̀sì rí, kò sì sí ohun tí kò fẹ́ràn tó ìmúra yìí. Ó wo bàtà, ó wo bébà, ó ní ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́ta, bẹ́ẹ̀dì ló yẹ kó máa gùn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi wò kẹ́ ẹ tó dájọ́," ni Tončka wí, ó sì ká apá aṣọ sókè.

Justina wọ̀n ọ́n. Ó dára ju tirẹ̀ lọ, èyí sì bí i nínú díẹ̀. Wọ́n jọ fẹnu kò pé ní gbogbo ọjọ́ Àìkú ni Justina yóò máa wọ̀n ọ́n. Bí ó bá dúró bẹ́ẹ̀ títí ẹ̀ẹ̀rùn fi dé, òun Justina ni yóò fi mọ́tò gbé wọn dé Savica, tí yóò sì tún wá gbé wọn. Bí ó bá lọ sókè lẹ́ẹ̀kan péré, kí Tončka fi bébà náà dá iná.

Báyìí ni ó ṣe bẹ̀rẹ̀ ìgbaradì. Àádọ́fà àtẹ̀gùn ló gun ilé ìjọsìn kékeré tó wà lẹ́yìn ìlú. Ní oṣù kejì, tí yìnyín ṣì bò ó, ó ń gùn ún lẹ́ẹ̀mẹta láàárọ̀ pẹ̀lú ìgò omi méjì nínú àpò ẹ̀yìn. Nígbà tí ó fi di oṣù kẹrin, ìgò ti di mẹ́fà, ó sì ń gùn ún lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ní alẹ́, ẹsẹ̀ á máa ro ó, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ á máa dùn bí ọmọdé tí wọ́n sọ fún pé ọdún kù sí dẹ̀dẹ̀. Cene ní tirẹ̀ sọ pé ìgbaradì òun ni kí òun máa rìn wá jẹun nílé Tončka. Ọ̀rọ̀ yìí ni Tončka gbà gbọ́ títí di àárọ̀ ọjọ́ kan lóṣù karùn-ún, nígbà tí ó gun òkè kan lẹ́yìn Stara Fužina, tó rí ẹnì kan tó ń gòkè bọ̀ láti ìsàlẹ̀, tó ń mí bí ẹwìrì. Cene ni. Ó ti làágùn jìn-ìn-nì, nǹkan ńlá kan sì yọ róbótó nínú àpò ẹ̀yìn rẹ̀. Tončka tú àpò náà wò. Odidi wàràkàṣì gbígbó kan ló wà nínú rẹ̀, ó tó kílò mẹ́jọ.

"Mo ní kí n gbé e gba atẹ́gùn ni," ni Cene wí, kò sì wò ó lójú.

Ọjọ́ náà ni Tončka gé ogún ìṣẹ́jú kúrò nínú ìsinmi ìlà dúdú.

Ní ìparí oṣù kẹfà, wọ́n ṣí ilé arìnrìn-àjò. Tončka pe Darinka, obìnrin tó ń tọ́jú rẹ̀, lórí fóònù. Ó bi í bóyá wọ́n jẹ́ ọ̀kan àbí méjì. Darinka rò pé bẹ́ẹ̀dì ló ń béèrè, ó ní ọ̀kan ló kù, ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Nígbà tí ọ̀rọ̀ wá yé e, ó jáde lọ wo adágún, ó padà wá, ó ní ó ṣì jẹ́ ọ̀kan. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọ̀kan. Lọ́sẹ̀ kejì, òjò rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin, ó tún jẹ́ ọ̀kan, ó sì tóbi sí i. Àwọn tí ń sùn níbẹ̀ ti wá mọ̀ nípa rẹ̀; bí fóònù bá ti dún láàárọ̀ Ọjọ́rú, ẹnì kan á pariwo láti ìdí tábìlì pé ìyá oníreluwé ló ń pè.

Ìdí Tončka kò gba ìjókòó mọ́. Ó di àpò rẹ̀, ó tú u, ó tún un dì. Ó fi sọ́séèjì gbígbẹ sórí òṣùwọ̀n, ó gé díẹ̀ kúrò, ó tún dá a padà. Ó ki aṣọ òjò bọ inú àpò, ó gbé e sókè, ó fi wé àpò tí kò sí aṣọ òjò níbẹ̀. Justina ní bí ó bá tún gbé àpò yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, òun á ra tíkẹ́ẹ̀tì fún àpò náà, kó máa dá lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan lẹ́yìn èyí, fóònù Tončka dún kí ó tó mu tíì. Darinka fúnra rẹ̀ ló pè.

"Ó ti pín," ni ó wí. "Láti àná ni. Ilẹ̀ tó yọ láàárín wọn kò fẹ̀, ṣùgbọ́n ewúrẹ́ lè dúró lórí rẹ̀."

Tončka yí rédíò síbi ìròyìn ojú ọjọ́. Wọ́n ní Ọjọ́bọ̀ máa mọ́ gaara títí di ọ̀sán. Àrá lè sán lórí òkè bó bá di ìrọ̀lẹ́. Kò dúró gbọ́ ìyókù. Pẹ̀lú épúrọ̀nù lára àti sálúbàtà ilé lẹ́sẹ̀, ó gba àárín ìlú kọjá, ó wọ bọ́ọ̀sì dé Stara Fužina, ó bá Cene níbi tó ti ń la igi. Kò tíì lanu tí Cene ti fi àáké sílẹ̀.

"Ó ti pín," ni Cene wí. "Mo rí i lójú rẹ."

Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí Ọjọ́bọ̀ ni Justina já wọn sílẹ̀ ní Savica. Ojú sánmà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń funfun ni. Wọ́n ń gbọ́ ariwo ọ̀sọ̀rọ̀ omi nínú igbó, wọn kò rí i. Lẹ́sẹ̀ kan náà ni Komarča gbà wọ́n: òkúta dìde dúró níwájú wọn bí ògiri, ọ̀nà ń lọ́ gun ún bí okùn, irin tí wọ́n kàn mọ́ ọn tutù nini lọ́wọ́. Tončka ti ń múra láti dúró de Cene. Kò pẹ́ tó fi rí i pé gìgísẹ̀ Cene lòun ń wò. Ọkùnrin náà ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, kò yára, kò dúró, bí ejò ṣe ń gun àgbọn. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Aago mẹ́fà kọjá ogójì ìṣẹ́jú, ó dúró létí Adágún Dúdú, ìṣẹ́jú márùn-ún ṣáájú àkókò tó wà lórí bébà.

Ibẹ̀ ni ètò ti fọ́, ẹni tó ṣe é ló sì fọ́ ọ. Omi náà dákẹ́ rọ́rọ́ láàárín igbó, gbogbo igi ìdí òkúta dorí kodò sínú rẹ̀. Tončka jókòó. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni ó kọ fún ibẹ̀. Nígbà tí ó tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, Cene húkọ́. Nígbà tí ó tó ogún, ó na ọwọ́ sínú àpò Tončka, ó yọ bébà náà, ó sì tẹ́ ẹ lórí orúnkún ara rẹ̀.

"Ọkọ̀ pupa ti pẹ́," ni ó wí.

"Ta ló ní kó o yọ ìwé mi?"

"Èmi náà ti fẹ́ fun fèrè lẹ́ẹ̀kan láyé mi. Dìde."

Láti ibẹ̀ lọ, Cene ló ń pe àkókò, Tončka ló ń pẹ́. Ní ibi adágún tó pín, ilẹ̀ tó yọ láàárín wọn tutù, koríko rẹ̀ ṣì tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan bí irun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú omi. Tončka rìn ín kọjá, ó padà, ó sì tún rìn ín kọjá. Ó ka ọ̀kan ní apá ọ̀tún, ó ka èkejì ní apá òsì. Darinka jáde sí wọn pẹ̀lú tíì, ó bọ ìyá oníreluwé lọ́wọ́, àwọn mẹ́ta tí ń jẹun níta sì pàtẹ́wọ́ fún un. Ojú tì í, inú rẹ̀ dùn, ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún sì tún lọ. Nígbà tí wọ́n dé adágún gígùn tó dà bíi kíndìnrín, aró omi náà jẹ́ irú èyí tí Tončka kò rí rí lára aṣọ kankan, kò sì sí ohun tí Cene lè sọ tó máa jẹ́ kí ó mójú kúrò lára rẹ̀. Ọ̀nà ti di òkúta lásán báyìí, funfun, mímú, oòrùn ń ta padà láti ara rẹ̀ sí wọn lójú. Wọ́n rí Adágún Tútù Bí Ewé, tó kéré bí àwo. Wọ́n rí Adágún Pupa Rúsúrúsú lábẹ́ yìnyín tí kò tíì yọ́ tán. Itan Tončka ń gbọ̀n. Ó ń rẹ́rìn-ín láìsí ẹni tó sọ nǹkan.

Wọ́n dé èjìká òkè kan. Adágún tó kù wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, bí ojú ẹranko tó là sílẹ̀. Kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Cene wo aago, ó wo bébà. Ní ìsàlẹ̀ bébà ni Tončka ti fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́ pé bí aago méjìlá ààbọ̀ bá ti lù, ibi yòówù tí wọ́n bá wà, kí wọ́n yí padà. Aago méjìlá ààbọ̀ ti lù.

"A ti rí i," ni Cene wí jẹ́jẹ́. "Ojú ti rí i, Tončka. Méje pé."

"Ọkọ̀ téèyàn rí níbi kọ́nà kò tíì dé ibùdó."

"Ìwọ lo kọ òfin yìí. Mo lè kà á fún ẹ."

Tončka gba bébà náà, ó ká a, ó fi sí àyà. Ó wo sánmà ní ìhà ìwọ̀-oòrùn. Àwọsánmà wà níbẹ̀, ó funfun, ó jìnnà. Lẹ́yìn náà ló jẹ́wọ́ fún un pé aago kan ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni òfin náà gan-an. Kò sí ẹni tó ń tú reluwé sílẹ̀ tí kì í fi ìṣẹ́jú díẹ̀ pa mọ́ sápò tí kò ní sọ fún awakọ̀.

"Ìgbà wo lo máa sọ fún mi?" ni Cene bi í.

"Aago kan ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá."

Cene bú sẹ́rìn-ín débi tó fi di ọ̀pá rẹ̀ mú. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Tončka bọ́ ìbọ̀wọ́, ó lóṣòó, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ inú adágún tó kẹ́yìn náà dé ọrùn ọwọ́. Òtútù náà wọ inú eegun. Cene kò pe àkókò.

Aago kan ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n yí padà, kò lé kan, kò dín kan. Ọ̀nà Komna ni wọ́n gbà. Àrá kọ́kọ́ sán nígbà tí wọ́n ti wọ inú igbó, òjò sì na wọ́n fún odidi wákàtí tó kẹ́yìn, ṣùgbọ́n aṣọ òjò wà nínú àpò, ọ̀nà ìbaaka sì fẹ̀. Orúnkún Cene ti wú. Ó fi ọwọ́ kan sí èjìká Tončka, wọ́n ń bọ̀ bí àwọn tó ti ibi ìgbéyàwó ń bọ̀. Justina ti wà ní Savica láti aago mẹ́rin. Ó wò wọ́n láti orí dé ẹsẹ̀, ó na tówẹ̀lì sí wọn, ó gbé ọbẹ̀ ẹ̀wà gbígbóná síwájú wọn nínú mọ́tò. Inú bí i pé wọn kò ní ọgbẹ́ kankan tí òun lè bá wọn wí lé lórí. Cene sùn lọ pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́. Tončka bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí adágún kìíní ṣe rí fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi dé ẹnu ọ̀nà ilé, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìkẹta ni. Justina kò pa iná mọ́tò, kò sì ní kí ó sọ̀.

Fún odidi ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, ẹ̀yìn ni Tončka fi ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ilé rẹ̀, nítorí itan rẹ̀ kò gbà kí ó fi iwájú sọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Matevž, ẹni tó ń pín lẹ́tà, ṣe bá a láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, tó di irin mú, tó ń fi ẹ̀yìn bọ̀ díẹ̀díẹ̀ bí alákàn. Ó bi í, tìbẹ̀rùtìbẹ̀rù, bóyá nǹkan ṣe é. Tončka ní kí ó jókòó. Ó padà gòkè lọ mú bébà rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí àpò lẹ́tà ọkùnrin náà, ó sì fi ìka sórí ìlà pupa. Gbogbo ilé tó wà lápá ìsàlẹ̀ òpópónà kò rí lẹ́tà wọn gbà títí ọ̀sán fi pọ́n.